Sípíkà Tuntun Nínú Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Ọkùnrin kan wà tí etí rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀fọn kan kò lè fò kọjá ní ojúde rẹ̀ kí ó má sọ fún un pé ìyẹ́ apá òsì rẹ ti ya. Sípíkà ló ń tún ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, láàrin ẹni tó ń ran bàtà àti ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, láti ilẹ̀ dé àjà sì ni sípíkà kún ibẹ̀: èyí tó ya, èyí tí ohùn rẹ̀ há bí àgbà tí ikọ́ ń bá jà, èyí tí olówó rẹ̀ ti kú kó tó wá gbà á. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, síkúrù kì í kanlẹ̀. Bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà báyìí, irin òòfà tó wà nídìí sípíkà kan á ti gbà á mọ́ra lójú òfuurufú. Fún ọgbọ̀n ọdún, tó bá ń wá síkúrù, kì í bẹ̀rẹ̀. Ìdí sípíkà ló ń wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò fi sọ́kàn nígbà tó yẹ.

Aláriwo ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà nígbà tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ẹ̀gbọ́n náà kò fi ṣe eré. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni kí èèyàn gbé ọgọ́rùn-ún èrò kọjá lórí omi kí ẹsẹ̀ ẹnì kan má tutù. Kí èèyàn máa tún ariwo ṣe, ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, àìsàn ni.

Atukọ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ogójì ọdún gbáko ló fi tu ọkọ̀ èrò láti èbúté kan sí èkejì, kò ri ọkọ̀ rí, kò sọ èrò kankan nù. Wọ́n ní bó bá sùn, ara rẹ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀ lórí ibùsùn títí orí rẹ̀ á fi kọjú sí àríwá. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin náà kì í sì í purọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ kékeré kan, funfun báláú, tó gba èèyàn mẹ́fà. Gbogbo Sátidé ló ń gbé e jáde, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n á lọ jẹun lójú omi, wọ́n á bá ara wọn jà díẹ̀, wọ́n á sì padà sílé.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń lọ. Dókítà sọ pé awọ ń bo ẹyinjú. Ohun tó wà nítòsí ń hàn sí i dáadáa, ohun tó jìnnà dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyàwó rẹ̀ wá gbé òfin kalẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan péré, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn dọwọ́ mi."

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo gbà. Ojú mi kọ́ ló ń tu ọkọ̀. Kọ́ńpáàsì ni."

Kọ́ńpáàsì ọkọ̀ náà wà níwájú ẹni tó ń tu ọkọ̀, nínú ìgò róbótó kan, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí èékánná àtàǹpàkò. Ibi yòówù kí ọkọ̀ kọjú sí, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á kọjú sí àríwá. Atukọ̀ a máa kí i láàárọ̀ bí ẹni kí ọ̀rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Aláriwo fi wọ inú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan, tó sì gbọ́ rédíò ibẹ̀. Iyọ̀ ti jẹ sípíkà méjì tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Olórin tó ń kọrin níbẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí dí lẹ́nu, tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún rédíò yìí ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ ni?"

"Èmi náà ń wúkọ́. Ṣé wàá tú èmi náà ni?"

"Ẹ tú wọn, ọkọ mi," ni ìyàwó Atukọ̀ wí fún Aláriwo láti ẹ̀yìn. "Bóyá ẹ máa rí ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀rín pa mọ́ sí."

Atukọ̀ ju kọ́kọ́rọ́ sí àbúrò rẹ̀. Ó ní òun kò ní í wá síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, torí òun kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Aláriwo fi ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tó ń wá kò pọ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orí rẹ̀ ti pá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì yìn ín rí láyé. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yin òun lẹ́ẹ̀kan, kó yin òun lójú omi, níbi tí kò ti sí ẹni tó lè sọ pé Atukọ̀ kò mọ ohun tó ń sọ.

Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó fa wáyà àtijọ́ jáde. Ó ti di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ó ra èyí tí wọ́n fi irin funfun bò, torí iyọ̀ ojú omi kì í jẹ ìyẹn bọ̀rọ̀. Ó fi fíúsì sẹ́bàá bátìrì gan-an, kí ó lè gé iná tó bá fẹ́ ṣẹ́ kó tó ráyè sáré. Ó yan sípíkà tí inú rẹ̀ kì í ṣe bébà, ó sì fi rọ́bà yí ihò kọ̀ọ̀kan ká. Méjì lọ sẹ́yìn. Ó wá jókòó sórí àga atukọ̀, ó di ojú, ó ń ta ìka sọ́tùn-ún, ó ń ta ìka sósì, ó ń gbọ́ ibi tí ohùn máa fẹ́ jókòó sí. Bó ṣe la ojú, ibi tí ìka rẹ̀ dé ni pátákó iwájú, lábẹ́ kọ́ńpáàsì.

Ibẹ̀ ló lu ihò méjì sí. Ibẹ̀ ló ki sípíkà méjì tó tóbi jù lọ mọ́, irin òòfà ìdí wọn fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó wà lápá ọ̀tún sún mọ́ kọ́ńpáàsì débi pé ìka mẹ́rin péré ló wà láàrin wọn. Nígbà tó tì í wọlé, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì gbọ̀n, ó yí, ó dúró. Aláriwo rí i o. Ó rò pé ijó ló ń jó.

Ní Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Oòrùn ràn, ọ̀nà àtijáde sì ti mọ́ Atukọ̀ lára débi pé kò wo kọ́ńpáàsì. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, Aláriwo tan rédíò. Ohùn jáde, ó mọ́, ó tutù, ó kún inú ọkọ̀ bí omi ṣe ń kún inú ife. Ìyàwó Atukọ̀ gbàgbé àkàrà òyìnbó sí ẹnu. Atukọ̀ gbọ́ orin kan tán, ó gbọ́ èkejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta parí, ó wẹ̀yìn díẹ̀.

"Ohùn yìí dára."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Aláriwo kọjú sí ẹ̀gbẹ́ omi bí ẹni tó ń wá ẹja, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni kùrukùru dé. Ó wá láti ojú òkun, ó funfun, ó nípọn bí òwú, ó gbé etí omi mì, ó gbé ilé ìtura orí òkè mì, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìyàwó Atukọ̀ di bẹ́ǹṣì mú.

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" ni Atukọ̀ wí. "Inú kùrukùru yìí ni wọ́n bí mi sí." Ó wo kọ́ńpáàsì, ó yí ọkọ̀ díẹ̀, ó dorí kọ ilé. Ó kọjú sí i, kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́ náà fún ìdajì wákàtí. Ó yẹ kí wọ́n rí ẹnu èbúté. Dípò rẹ̀, ọkọ̀ rọra gun ẹrẹ̀, ó dúró. Ìdí àwọn táńkì epo àtijọ́ ni wọ́n wà, ní òdìkejì omi pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà.

Rédíò nìkan ló ń dá kọrin. Atukọ̀ wo táńkì, ó wo kọ́ńpáàsì, ó tún wo táńkì.

"Bóyá kọ́ńpáàsì ló bàjẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Kọ́ńpáàsì kì í purọ́," ni Atukọ̀ dáhùn. "Ogójì ọdún, kò purọ́ fún mi rí. Èmi ni. Orí mi ni."

Ìyàwó náà kò béèrè. Atukọ̀ fúnra rẹ̀ ló yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, tó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, kí apẹja kan tó wá fi okùn fà wọ́n dé ilé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Aláriwo wà ní ṣọ́ọ̀bù, síkúrù kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti máa ń ṣe, kò kanlẹ̀. Ó wo ìdí sípíkà, ó rí i tó so mọ́ irin òòfà, ó na ọwọ́ láti mú un. Ọwọ́ náà dúró sí agbede méjì. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó lọ sí èbúté, tó tú síkúrù mẹ́rin, tó sì fa sípíkà apá ọ̀tún jáde.

Kọ́ńpáàsì yí padà sí ibi tó yẹ kó wà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó sinmi lẹ́yìn ìjìyà.

Ó ti sípíkà padà. Kọ́ńpáàsì tún yí.

Èèyàn á rò pé ó sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sáré. Ó jókòó nínú ọkọ̀ náà títí omi fi fà sẹ́yìn, "Ohùn yìí dára" sì ń dún nínú orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìn ín, tó bá sọ òtítọ́, á gba ìyìn náà padà. Ó de síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó sì dè wọ́n le dáadáa. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ lọ́la.

Ọ̀la yẹn gùn. Kó tó dé, oníbúrẹ́dì tó ń gbé nítòsí èbúté ti wá wo ọkọ̀ náà. Ìyàwó Atukọ̀ ló fẹ́ tà á, kí ọkọ rẹ̀ má baà máa rí i. Aláriwo ló mú oníbúrẹ́dì wọ inú rẹ̀, òun ló tan rédíò fún un. Oníbúrẹ́dì jẹ́ ọkùnrin ńlá kan, ìyẹ̀fun kì í tán ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó fi ìdí jó nínú ọkọ̀ débi pé ó ku díẹ̀ kó rì í ní etí èbúté.

"Ọkọ̀ yìí ni mo ń rà ni, àbí gbọ̀ngàn ijó?"

"Méjèèjì ni," ni Aláriwo dáhùn, kò sì sọ ẹ̀kẹta. Ó rò ó pé etí omi nìkan ni oníbúrẹ́dì máa mọ̀, nínú oòrùn, níbi tí kò ti ní í nílò kọ́ńpáàsì.

Oṣù ń gorí oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo ìta pátápátá, ìyàwó Atukọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ọkọ mi, ẹ wá bá mi wo ẹ̀gbọ́n yín."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n dúró láàrin yàrá láàárọ̀ yìí, wọ́n bi mí pé níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́! Mo ní, àbí ẹ ti gbàgbé ni? Wọ́n ní rárá, àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ kí àwọn tó gbéra ni."

Aláriwo dìde. Ó mú sípíkà kan, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó tẹ̀ lé e.

Atukọ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ dá dúró nínú kọ́là bí igi nínú garawa. Aláriwo kò jókòó. Ó gbé kọ́ńpáàsì àtijọ́ tí wọ́n fi dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́lá nígbà tó fẹ̀yìn tì kúrò lórí pẹpẹ, ó gbé e sórí àpótí níwájú rẹ̀. Ó yọ sípíkà nínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo abẹ́rẹ́ yìí."

Ó gbé sípíkà sún mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ yí kúrò ní àríwá.

Atukọ̀ tẹ̀ síwájú. "Gbé e kúrò."

Ó gbé e kúrò. Abẹ́rẹ́ padà sáyè rẹ̀.

"Gbé e padà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, gbé e kúrò, gbé e padà, bóyá ìgbà mẹ́wàá, bóyá ogún. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Abẹ́ kọ́ńpáàsì mi lo ki sípíkà mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Aláriwo lè purọ́. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ti ṣí. "Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn."

Ìyàwó náà bú èébú kan sẹ́nu tí kò yẹ kí n kọ síbí. Atukọ̀ kò pariwo. Ó wo kùrukùru tó fara ti gíláàsì fèrèsé, ojú rẹ̀ sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn báyìí?"

Ó ti dìde. Kò béèrè ọ̀nà ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì sọ fún wọn pé ọ̀gá òun ti gbé ọkọ̀ jáde kí kùrukùru tó bọ́ sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò dé ìpẹ̀kun èbúté. Wọn kò rí omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an. Ṣùgbọ́n Aláriwo na ọrùn.

"Mò ń gbọ́ orin."

"Níbo?"

"Lọ́wọ́ òsì. Ó ń bọ̀."

Òsì ni odi òkúta tí wọ́n tò láti dá ìgbì dúró wà. Òkúta rẹ̀ mú bí eyín ajá. Atukọ̀ ké, "Ọkọ̀ o!" Aláriwo ké pẹ̀lú rẹ̀. Irin gígùn kan wà tí wọ́n so kọ́ sórí òpó, èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wá jẹun. Aláriwo gbá a pẹ̀lú òòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Orin kò dáwọ́ dúró. Ó mọ́, ó tutù, ó ń súnmọ́. Kò sí ohùn ayé yìí tó lè wọ inú ọkọ̀ yẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Dúró," ni Atukọ̀ wí. "Dúró! Má gbá a mọ́. Orin yìí máa tán."

Ó gbé ọwọ́ kan sókè. Aláriwo di òòlù mú, ó ń fetí ka orin náà: olórin gbé ohùn sókè, àwọn elégbè gbà á, wọ́n tún gbà á, ó ń lọ sópin. Ó tán. Láàrin orin kan sí èkejì, àlàfo kan wà tí kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ.

"Gbá a!"

Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ, lójijì ni wọ́n pa á.

"Ta nìyẹn?" Ohùn oníbúrẹ́dì ni, kò jìnnà mọ́ rárá.

"Pa ẹ́ńjìnì!" ni Atukọ̀ ké. "Òkúta wà níwájú rẹ!"

"Kọ́ńpáàsì ní èbúté ló wà níwájú mi!"

"Kọ́ńpáàsì ń purọ́!" Ohùn àgbàlagbà náà ya lórí ọ̀rọ̀ yẹn bí aṣọ. "Kọ́ńpáàsì ń purọ́, ìwọ ọkùnrin yìí! Èmi ni kí o máa tẹ̀ lé!"

Ohùn rẹ̀ ló fi tọ́ ọkọ̀ náà sọ́nà dé ilẹ̀. Ó ń sọ fún un, sọ́tùn-ún díẹ̀, rọra, tún sọ́tùn-ún, pẹ̀lú ẹ̀wù kan ṣoṣo lọ́rùn, omi kùrukùru ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ yọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ. Ó ti kan òkúta àkọ́kọ́. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ń sunkún láìsí ohùn. Oníbúrẹ́dì gun èbúté.

"Ẹ̀yin àgbà, ọkọ̀ lẹ tà fún mi ni, àbí pósí olórin?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Atukọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá lo fi mọ̀," ló wí. Kò tún bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òtútù ọjọ́ yẹn wọ àyà Atukọ̀. Kò lò ju ogúnjọ́ lọ kó tó kú. Lójoojúmọ́ ni Aláriwo ń lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjú sí ògiri. Ìyàwó Atukọ̀ sọ pé ògiri àríwá ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà gbé kọ́ńpáàsì àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, inú aṣọ ìnujú ló dì í sí.

"Wọ́n ní kí n gbé e fún yín."

"Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan sí i, àǹtí mi?"

"Rárá." Ó wo gbogbo sípíkà tó wà lára ògiri. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ wá yẹn, wọn ò bi mí léèrè ọ̀nà kankan mọ́ títí wọ́n fi lọ."

Aláriwo gbé e sórí tábìlì iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ náà wo sípíkà ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó gbé e lọ sí apá kejì. Abẹ́rẹ́ wo èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn. Kò sí ibi kan nínú yàrá náà tó lè gbé e sí tí kò ní í purọ́. Láti ìgbà náà, kó tó ṣí iṣẹ́ láàárọ̀, á gbé e jáde, á kọjá iwájú ẹni tó ń ran bàtà àti ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, á rìn dé àárín ìta gbangba níbi tí irin kankan kò sí. Á dúró, á dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì títí abẹ́rẹ́ á fi dáwọ́ yíyí dúró. Lẹ́yìn náà ni á gbé e padà wọlé.